Kámẹ́rà aláfọwọ́yí

Kámẹ́rà aláfọwọ́yí ni ẹ̀rọ ayàwòrán onífíìmù tí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ ń lọ nípa agbára sípíríńgì, kẹ̀kẹ́ eléyín àti ọ̀pá irin tín-ín-rín, láìlo iná mànàmáná. Ọwọ́ ẹni tí ó ń ya fọ́tò ni ó ń yí fíìmù síwájú. Ọwọ́ yìí kan náà ni ó ń pinnu iye ìmọ́lẹ̀ tí yóò wọlé àti bí àkókò tí yóò fi wọlé ti gùn tó. Bí bátìrì bá wà nínú rẹ̀ rárá, ti òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nìkan ni, bí ó bá sì kú, kámẹ́rà náà ṣì lè yàwòrán. Láti nǹkan bí ọdún 1925 títí di àárín àwọn ọdún 1980, irú kámẹ́rà yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ayafọ́tò fi ṣiṣẹ́ kárí ayé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òun ni ó ya púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìwúyè àti ìsìnkú tí àwọn ẹbí ṣì tọ́jú sínú àpótí tàbí tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri.

Ìtàn

Ọdún 1839 ni a kéde iṣẹ́ fọ́tò fún gbogbo ayé ní ìlú Paris. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, orí àwo irin tàbí àwo gíláàsì ni àwòrán ń hàn sí, kámẹ́rà sì jẹ́ àpótí igi ńlá tí a ń gbé ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ní ọdún 1888, George Eastman ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé kámẹ́rà Kodak jáde, èyí tí ó ń lo fíìmù tí a ká bí ẹní. Ní ọdún 1900, ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé Brownie jáde ní owó dọ́là kan péré. Brownie rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n àpótí lásán ni: ìwọ̀n tí a lè yí padà lára rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹni tí ó sọ kámẹ́rà kékeré di ẹ̀rọ pípé ni Oskar Barnack, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Ernst Leitz ní ìlú Wetzlar ní ilẹ̀ Jámánì. Ó mú fíìmù sinimá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 35, ó sì ṣe kámẹ́rà tí ó ń ya àwòrán mílímítà 24 sí 36 sórí rẹ̀. Ní ọdún 1925 ni a fi kámẹ́rà náà, Leica, han àwọn ènìyàn ní ibi ìpàtẹ ọjà ní Leipzig. Ní ọdún 1929, ilé iṣẹ́ Franke & Heidecke ní ìlú Braunschweig gbé Rolleiflex jáde. Lẹ́ńsì méjì ni ó wà lára èyí, ọ̀kan lórí èkejì: ti òkè fún wíwo, ti ìsàlẹ̀ fún yíyà.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ náà gbòòrò. Leica M3 jáde ní ọdún 1954. Ní ọdún 1957, Hasselblad 500C jáde ní ilẹ̀ Sweden, Yashica-Mat tí ó jọ Rolleiflex sì jáde ní ilẹ̀ Japan ní ọdún kan náà. Nikon F tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1959. Pentax K1000 tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ iṣẹ́ jáde ní ọdún 1976, a sì ń ṣe é fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ. Ní ọdún 1976 yìí kan náà ni Canon AE-1 jáde, èyí tí ó ní ọpọlọ ẹ̀rọ kékeré nínú. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú, kò ní yàwòrán mọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Síbẹ̀, ní ọdún 1982, Nikon gbé FM2 jáde, kámẹ́rà tí ṣọ́tà rẹ̀ lè ṣí kí ó sì padé láàrin ìdá 1/4000 ìṣẹ́jú àáyá, láìlo bátìrì fún iṣẹ́ náà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Lẹ́ńsì àti ojú ihò

Lẹ́ńsì ni àkójọpọ̀ gíláàsì tí ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sórí fíìmù. Nínú rẹ̀ ni ihò kan wà tí a lè mú fẹ̀ tàbí kí a mú kéré. Nọ́ńbà tí a kọ sára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 2.8, 4, 5.6, 8, 11 àti 16. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi sí i ni ihò ń kéré sí i, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gé ìmọ́lẹ̀ sí ìdajì. Ihò kékeré a máa mú kí ohun tí ó wà nítòsí àti èyí tí ó jìnnà hàn kedere pọ̀. Ihò ńlá a máa mú kí ojú ènìyàn nìkan hàn, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí bàìbàì.

Ṣọ́tà

Ṣọ́tà ni ìlẹ̀kùn tí ó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí a bá fa ọwọ́ irin tí ń yí fíìmù, iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: fíìmù sún síwájú ní ìwọ̀n àwòrán kan, òǹkà fi ọ̀kan kún un, sípíríńgì ṣọ́tà sì fà le. Agbára tí ọwọ́ ènìyàn fi sílẹ̀ nínú sípíríńgì yìí ni yóò ṣí ṣọ́tà tí yóò sì tì í nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì.

Oríṣi ṣọ́tà méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní wà láàrin lẹ́ńsì, ó sì jẹ́ abẹ irin tín-ín-rín mélòó kan tí ó pàdé ní àárín tí ó sì ń ya kúrò lára ara wọn. Èyí ni ó wà lára Rolleiflex àti Yashica-Mat, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ púpọ̀. Èkejì wà níwájú fíìmù gan-an, ó sì jẹ́ ìkélé méjì tí a fi aṣọ dúdú tàbí irin ṣe. Ìkélé àkọ́kọ́ á sáré kúrò, èkejì á sì tẹ̀ lé e láti bo fíìmù. Bí àkókò bá kúrú gan-an, ìkélé kejì kì í dúró kí ti àkọ́kọ́ dé òpin kí ó tó gbéra. Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó ń kọjá lójú fíìmù láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.

Fún àkókò tí ó gùn, bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí ìdajì rẹ̀, sípíríńgì nìkan kò tó. Ọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré kan wà tí ó ń fa ṣọ́tà sẹ́yìn kí ó má baà tètè padé, gẹ́gẹ́ bí ti inú aago. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ tí ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí a bá tẹ bọ́tìnì ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ibi ìwòran

Nínú kámẹ́rà bíi Nikon F, dígí kan wà lẹ́yìn lẹ́ńsì tí ó ń gbé àwòrán lọ sókè sí ojú ayafọ́tò, tí ó sì ń fò kúrò lọ́nà nígbà tí ṣọ́tà bá fẹ́ ṣí. Nínú Leica, fèrèsé kékeré méjì ni a fi ń wọn jíjìn: nígbà tí àwòrán méjì tí ó yapa bá di ọ̀kan, ohun tí a ń wò ti hàn kedere nìyẹn. Nínú Rolleiflex àti Yashica-Mat, ayafọ́tò a gbé kámẹ́rà sí ìdí àyà, a sì tẹ orí wò ó láti òkè. Apá ọ̀tún á hàn ní òsì, apá òsì á sì hàn ní ọ̀tún, ṣùgbọ́n ọwọ́ a máa mọ́ ọn bí ọjọ́ bá ti ń lọ.

Wíwọn ìmọ́lẹ̀ láìlo ẹ̀rọ

Àwọn ayafọ́tò àtijọ́ ní òfin kan tí kò béèrè fún òṣùwọ̀n. Bí oòrùn bá ràn dáadáa, a ó fi ojú ihò sí 16, a ó sì fi ṣọ́tà sí ìdá tí ó súnmọ́ nọ́ńbà tí a kọ sára fíìmù. Fún fíìmù 100, èyí jẹ́ 1/125 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, a ó ṣí ihò sí 8; bí ẹni tí a ń yà bá dúró sábẹ́ òjìji, a ó ṣí i sí 5.6 tàbí 4.

Òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ lè ṣi ni lọ́nà, nítorí ó ń ka ohun gbogbo sí àwọ̀ eérú tí kò funfun tí kò sì dúdú. Bí ìyá ìyàwó tí ó wọ léèsì funfun bá kún inú àwòrán, òṣùwọ̀n yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, yóò sì sọ pé kí a dín in kù. Aṣọ yóò rí bí eérú, ojú rẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn. Ayafọ́tò tí ó mọṣẹ́ a máa gbé òṣùwọ̀n súnmọ́ ojú ẹni náà, tàbí kí ó kà á lára ọwọ́ ara rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà.

Àmì kámẹ́rà tí a kọ́ dáadáa

Kámẹ́rà tí a kọ́ dáadáa kì í ṣe èyí tí ó wúwo jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin àti idẹ tí ó wà nínú rẹ̀ a máa mú un wúwo díẹ̀. Àmì àkọ́kọ́ ni pé ọwọ́ irin rẹ̀ ń lọ ní ọ̀nà kan láìgbọ̀n, láìtàsé. Àmì kejì ni pé gbogbo nọ́ńbà ìyára dúró gírí sí àyè tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé òrùka tí a fi ń mú àwòrán hàn kedere ń yí ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kò le jù, kò sì tú jù. Ẹ̀kẹrin, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni pé a lè tú u tún ṣe: sikúrù ni a fi dè é, kì í ṣe gọ́ọ̀mù, ẹ̀yà ara tí ó bá sì jẹ a lè rọ òmíràn fi pààrọ̀ rẹ̀.

Àǹfààní yìí ni kámẹ́rà aláfọwọ́yí fi ju kámẹ́rà tí ẹ̀rọ mànàmáná wà nínú rẹ̀ lọ. Bí pátákó mànàmáná inú kámẹ́rà ọdún 1990 bá jó, tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é kò sì ta irú rẹ̀ mọ́, kò sí àtúnṣe. Kámẹ́rà ọdún 1955 tí eruku dì nínú rẹ̀ lè padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ aago bá tú u, tí ó fọ̀ ọ́, tí ó sì fi ìwọ̀nba epo sí i.

Ní ilẹ̀ Yorùbá àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà

Iṣẹ́ fọ́tò ti wà ní Èkó láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n nígbà tí kámẹ́rà kékeré dé ni iṣẹ́ náà tàn kálẹ̀ dé àwọn ìlú kéékèèké, níbi tí iná mànàmáná kò tíì dé tàbí tí kì í dúró. Fíìmù tí a ń pè ní 120 gba àwòrán 12 tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 sí 6. Ojú àwòrán yìí ju ti fíìmù 35 lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀, nítorí náà a lè tẹ̀ ẹ́ di fọ́tò ńlá láìjẹ́ pé ó bàjẹ́.

J. D. 'Okhai Ojeikere, tí a bí ní ọdún 1930 ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, ra Brownie rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1950. Ní ọdún 1954 ó di olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ìròyìn ní Ìbàdàn. Láti ọdún 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àti gèlè àwọn obìnrin, ọ̀pọ̀ ìgbà láti ẹ̀yìn orí, kí ọwọ́ onídìrí lè hàn bí iṣẹ́ ọnà. Àwọn àwòrán aláwọ̀ dúdú àti funfun yìí ti di mímọ̀ kárí ayé. Ojeikere kú ní ọdún 2014. Ní Bamako ní ilẹ̀ Mali, Seydou Keïta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Brownie kan tí a fún un ní ọdún 1935, ó sì ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní ọdún 1948. Kámẹ́rà ńlá oní sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18 ni ó fi ṣe iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí.

Ní àwọn ọdún 1970, Stephen Sprague ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí lórí àwọn ayafọ́tò Yorùbá, pàápàá ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Ó ṣàlàyé bí a ṣe ń ya àgbàlagbà: a á jókòó kọjú sí kámẹ́rà gan-an, nínú aṣọ tí ó dára jù, orúnkún méjèèjì á yà, ọwọ́ á wà lórí itan, gbogbo ara á sì hàn láti orí dé ẹsẹ̀. Ó tún kọ nípa fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya wọ́n pọ̀, a ó ya èyí tí ó kù, a ó sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó papọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, a ó ya èyí tí ó kù nínú aṣọ tirẹ̀, a ó tún yà á nínú aṣọ èkejì rẹ̀. Ní ibòmíràn, fọ́tò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe tẹ́lẹ̀. Irú iṣẹ́ báyìí ń fẹ́ ọwọ́ tí ó dájú: ìmọ́lẹ̀ àti jíjìn gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú àwòrán méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojúupò tí wọ́n ti pàdé á hàn.

Ọ̀rinrin àti eruku: àpẹẹrẹ Papalanto

Papalanto jẹ́ ìlú ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ewékorò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, níbi tí ọ̀nà Ìlaròó ti yà. Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá níbẹ̀, orúkọ Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni a sì fi sọ ibùdókọ̀ rẹ̀ lórí ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 2021. Òkúta ẹfun tí ó wà nílẹ̀ agbègbè náà ni ó mú kí a kọ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sí Ewékorò, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960.

Irú àyíká bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdánwò fún kámẹ́rà. Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin a máa pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, lẹ́ńsì tí a tì mọ́ inú àpò awọ á sì bu gẹ́gẹ́ bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Ohun tí ó hù náà dà bí òwú aláǹtakùn, ó sì lè jẹ ọ̀dà tí a fi pa ojú gíláàsì títí tí àmì rẹ̀ kò fi ní lọ mọ́. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Eruku sìmẹ́ǹtì àti ti ojú ọ̀nà lè ha ojú lẹ́ńsì. Ẹni tí ó bá fi etí aṣọ nu lẹ́ńsì eléruku ti fi yanrìn ha á nìyẹn.

Àyẹ̀wò kí a tó rà á

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́ ni ó dára lójú tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn ohun tí ó yẹ kí a wò nìwọ̀nyí:

• Ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, fi ṣọ́tà sí B, tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀, kí o sì wo inú lẹ́ńsì sí ojú ìmọ́lẹ̀. Okùn funfun tàbí ìkùukùu nínú gíláàsì jẹ́ àmì ìbàjẹ́.
• Yí ìyára láti èyí tí ó gùn jù dé èyí tí ó kúrú jù, kí o sì fetí sí i. Ìṣẹ́jú àáyá kan gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá ń dúró lójú ọ̀nà, epo inú rẹ̀ ti gan.
• Bí ìkélé ṣọ́tà bá jẹ́ aṣọ, wò ó lójú ìmọ́lẹ̀ bóyá ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀.
• Fọwọ́ kan fóòmù etí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bí ó bá ti di ọ̀dà tí ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ yóò máa wọlé; ṣùgbọ́n èyí rọrùn láti pààrọ̀.
• Má ṣe fi agbára fa ọwọ́ irin tí ó bá dúró. Nínú Zenit-E, ẹ̀yìn tí a bá ti yí fíìmù tán ni a ń yí nọ́ńbà ìyára. Nínú àwọn Rolleiflex kan, kí a tó yí fíìmù ni a gbọ́dọ̀ ti yan 1/500. Àìmọ èyí ti ba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó pé jẹ́.

Ìtọ́jú

Ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni ó yẹ kí kámẹ́rà wà, kì í ṣe inú àpò awọ rẹ̀. Àpò kékeré tí ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tí a ń bá nínú páálí bàtà tuntun, ṣe é fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ike tí ó dé dáadáa, bí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. A kì í fi sípíríńgì sílẹ̀ ní fífà fún oṣù púpọ̀. A ó fẹ́ eruku kúrò pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ kí a tó fi aṣọ kan lẹ́ńsì. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ kò yẹ kí ó kan inú rẹ̀: á ṣàn dé orí abẹ ṣọ́tà, á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà bá fọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàrin ọdún mélòó kan, tí a sì ń tẹ ṣọ́tà rẹ̀ ní gbogbo ìyára lóṣooṣù, ó lè pẹ́ ju ẹni tí ó rà á lọ.

Ipò rẹ̀ lónìí

Kámẹ́rà dígítà àti fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ fíìmù láti nǹkan bí ọdún 2000. Ilé iṣẹ́ Kodak lọ sábẹ́ ààbò òfin ajẹgbèsè ní ọdún 2012. Síbẹ̀ a ṣì ń ṣe fíìmù, Leica tún padà gbé M6 jáde ní ọdún 2022, Pentax sì gbé kámẹ́rà fíìmù tuntun, Pentax 17, jáde ní ọdún 2024. Ọwọ́ ni a fi ń yí fíìmù nínú ti Pentax yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bátìrì ni ó ń ṣí ṣọ́tà rẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú ewu jù ni nẹ́gátíìfù. Nígbà tí ilé fọ́tò bá pa iṣẹ́ dé, kámẹ́rà a máa rí ẹni rà á, ṣùgbọ́n àpótí nẹ́gátíìfù a máa di ìdọ̀tí tí a ń dáná sun. Bẹ́ẹ̀ sì ni nẹ́gátíìfù ni ojúlówó. Fọ́tò tí ó wà lára ògiri jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀. Àpẹẹrẹ rere ni ti Solomon Osagie Alonge, ayafọ́tò ààfin Ọba Ìbíní, tí a bí ní ọdún 1911 tí ó sì kú ní ọdún 1994. Nítorí pé a pa nẹ́gátíìfù rẹ̀ mọ́, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington lè ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2014, àwọn ọmọ Ìbíní sì tún rí ojú àwọn bàbá àti ìyá wọn. Nẹ́gátíìfù tí a fi sínú àpò ìwé tí kò ní ásíìdì, tí a kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sí lára, tí a sì gbé sí ibi gbígbẹ tí ó tutù, ṣì lè di fọ́tò lẹ́yìn àádọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.